Wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi lọ sí Kuje: kí ni òfin sọ?

Ìyá kan ní Kubwa ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ti pé ọdún 8, cerebral palsy ló ní, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tó máa ń dí ìrìn àti lílo ara lọ́wọ́, ó máa ń di ògiri mú rìn, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ máa ń fà díẹ̀ àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń yé e. Wọ́n mú un lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wọn, headmistress ní àwọn ò ní tíṣà tó mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́jú, pé àwọn ọmọ yòókù á kàn máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí wọ́n kúkú gbé e lọ sí "iléèwé wọn" ní Kuje. Iléèwé aládàáni kan ní àwọn lè gbà á, àmọ́ ìyá á máa san owó oṣù àǹtí kan tí á máa jókòó tì í, yàtọ̀ sí owó iléèwé. Bàbá ọmọ ní kí wọ́n ṣì fi í sílé títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi lágbára. Ìyá wá bi mí pé: "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin kankan wà fún irú ọmọ mi, àbí kí n lọ wá ẹni ńlá tó máa bá mi bẹ headmistress yẹn?"

Màmá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó. Ẹ má wá ẹni ńlá kankan. Àyè tí ẹ ń wá fún un nínú kíláàsì yẹn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ta ló sì ń wá alágbàwí lọ bẹ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó?

Òfin tó kọ́kọ́ kàn yín ni èyí tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, Disability Act 2018 la sábà máa ń pè é, Ààrẹ Buhari ló buwọ́ lù ú ní January 2019, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn akàndá ẹ̀dá fi pààrà National Assembly kó tó jáde. Abala 17 àti 18 ni kí ẹ dì mú. Abala 17 sọ pé akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìdíwọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí i, wọn ò sì gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀ lọ́nàkọnà, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ yẹn títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ gbọ́ ìparí sẹ́kọ́ńdìrì yẹn dáadáa o, torí fún àwọn ọmọ yòókù, JSS 3 ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tìjọba àpapọ̀ dúró sí, tọmọ yín kọjá ibẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni ò mọ̀, ọ̀pọ̀ principal náà ò sì mọ̀.

Abala 18 ló wá dá headmistress lóhùn. Ó ní gbogbo iléèwé ìjọba, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ o, sẹ́kọ́ńdìrì o, yunifásítì o, gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí akàndá ẹ̀dá á lè wọ̀, tí á sì lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, pé iléèwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn, kó sì ní àwọn ohun èlò tí ẹ̀kọ́ wọn nílò. Nítorí náà, nígbà tí headmistress sọ pé "a ò ní tíṣà fún un", ohun tó jẹ́wọ́ ẹ̀ fún yín ni pé ìjọba ò tíì ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe níléèwé òun. Ìyẹn ò lè sọ pé kí ọmọ padà sílé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń gba tíṣà síṣẹ́, mo mọ̀ pé ọmọ lè kún kíláàsì ẹ̀ débi pé bẹ́ǹṣì ò tó, àánú òun náà ń ṣe mí, àmọ́ ọmọ ọdún 8 kọ́ ló yẹ kó jẹ ìyà àìsí tíṣà. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gba ọmọ wọlé, kó wá kọ̀wé sí FCT UBEB, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń bójú tó àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, pé ọmọ kan ti wọlé síbí báyìí, a nílò tíṣà àti ohun èlò. Tí kò bá gba ọmọ, tí kò sì kọ̀wé, lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní tíì ní tíṣà, ohun kan náà ló sì máa sọ fún ìyá mìíràn.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Kuje yẹn, torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á. Iléèwé àkànṣe tó wà ní Kuje, àwọn ọmọ tí ò gbọ́ràn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Èyí tó wà ní Jabi, àwọn ọmọ tí ò ríran ló wà fún. Ọmọ yín gbọ́ràn, ó sì ríran! Wọn ò tiẹ̀ bi yín léèrè ohun tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, wọ́n kàn rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró dáadáa, wọ́n sì juwọ́ sí apá ibi tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń kó "irú wọn" lọ. Láti Kubwa dé Kuje, ẹ máa la ìlú Àbújá kọjá tán ni, tí ẹ ò bá fẹ́ fi í sí bọ́dìn, a jẹ́ pé ọmọ yìí á máa jí lóru lójoojúmọ́ láti lọ síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ tí òun ò gbọ́. Ìyẹn gan-an ni òfin pè ní ìyàsọ́tọ̀. Nàìjíríà tún ti tọwọ́ bọ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, CRPD, a sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2010, abala 24 ẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kí ọmọ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dáa gbà ní àwùjọ ibi tó ń gbé, bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń rí i gbà. Àwùjọ ibi tí tiyín ń gbé ni Kubwa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bú àwọn iléèwé àkànṣe. Ọmọ tí ò gbọ́ràn lè lọ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ kó sì gbèrú níbẹ̀ ju ibi tí wọ́n á ti gbé e sẹ́yìn kíláàsì tí kò ní gbọ́ ohun kankan, mo mọ àwọn òbí tó yan ìyẹn, wọ́n sì yàn án re. Àmọ́ òbí ló yàn án, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo iléèwé, wọ́n sì mọ ìdí ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan dúró lẹ́nu géètì tó ní kí wọ́n yí padà.

Ó ku àwọn òfin méjì mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn, torí tí ẹ bá dárúkọ wọn nínú lẹ́tà, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ẹ ò wá ṣeré. Àkọ́kọ́ ni UBE Act 2004, òun ló ní kí ìjọba fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan láti primary 1 dé JSS 3, ó sì ka àwọn akàndá ẹ̀dá mọ́ àwọn tí ètò náà wà fún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Òfin yìí tún ní ẹni tó bá gba owó iléèwé lọ́wọ́ òbí lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti rú òfin. Ìkejì ni Child's Rights Act 2003, abala 15, òun náà sọ bákan náà, ó sì múlẹ̀ ní Àbújá níbí láìsí àríyànjiyàn.

Àwọn kan máa sọ fún yín, àwọn lọ́yà kan gan-an máa sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ò ṣe é gbé lọ sí kọ́ọ̀tù, torí orí kejì (Chapter II) ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwọn ohun tó wà níbẹ̀ sì dà bí ìlérí ìjọba, èèyàn ò lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Òótọ́ ni tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ní 2010, kọ́ọ̀tù ECOWAS tó wà ní Àbújá níbí ti sọ nínú ẹjọ́ tí SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, pè pé ẹ̀tọ́ ni ẹ̀kọ́ jẹ́, torí Nàìjíríà ti sọ àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà di òfin ara ẹ̀. Nígbà tó di 2017, Federal High Court Àbújá tún dájọ́ nínú ẹjọ́ tí LEDAP, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, pè pé níwọ̀n ìgbà tí National Assembly ti ṣe UBE Act, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti JSS ti kúrò ní ìlérí, ó ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè béèrè ní kọ́ọ̀tù. Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọ̀rọ̀ orí kejì yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ ní kó lọ ka ìdájọ́ 2017 yẹn.

Bàbá ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ àwọn ṣẹ̀sín, mo sì gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ bàbá. Àmọ́ UBE Act tó fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ yìí náà ló fi dandan lé òbí lórí pé kí ọmọ wà níléèwé, ìyà sì wà fún òbí tó bá kọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kàwé ní primary 3. Tí ẹ bá dúró de ẹsẹ̀, cerebral palsy kì í ṣe ohun tó ń lọ bí ibà, physio máa ràn án lọ́wọ́, ó lè rìn dáadáa ju báyìí lọ, ó sì lè jẹ́ pé bó ṣe ń rìn yìí náà ló máa rìn, kí ló kan ìwé kíkà nínú ẹ̀? Orí ẹ̀ pé. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ń kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Iléèwé aládàáni yẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́jú díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Iléèwé ìjọba ni abala 18 dárúkọ, kò dárúkọ aládàáni. Àmọ́ abala 1 òfin kan náà kan gbogbo èèyàn àti gbogbo iléeṣẹ́: ẹnikẹ́ni tó bá dẹ́yẹ sí èèyàn torí pé ó jẹ́ akàndá ẹ̀dá ti jẹ̀bi, iléeṣẹ́ máa san mílíọ̀nù 1 náírà, ẹnì kan ṣoṣo máa san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, ẹni tí wọ́n sì ṣe é fún ṣì lè pè wọ́n lẹ́jọ́ gba owó gbà-má-bínú lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá sọ gbangba pé "a ò gba irú ẹ̀", wọ́n ti kó sí i. Ti owó àǹtí yìí, èrò tèmi ni pé kí ọmọ tí ò nílò ẹni tí á jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́ máa san owó tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò san, ìdẹ́yẹsí ni, mo sì lè dúró níwájú adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ ọmọ mi. Iléèwé ìjọba tó wà nítòsí yín ni òfin ti lágbára jù, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé ẹ ti lọ síbẹ̀, ẹ sì ti fẹnu sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò ní ẹlẹ́rìí, lọ́la wọ́n á ní àwọn ò lé yín, pé ẹ̀yin lẹ ò padà wá. Kó jẹ́ lẹ́tà ojú ewé kan, ní òyìnbó, kó má gùn, kí ó má sì ní èébú nínú. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí ẹ̀, àdúgbò yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mú un lọ àti ẹni tó dá yín lóhùn, ẹ kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ti tíṣà, ti yẹ̀yẹ́, ti Kuje. Ẹ wá kọ gbólóhùn kan pé lábẹ́ abala 17 àti 18 Disability Act 2018 àti UBE Act 2004, ẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n gba ọmọ yín sí kíláàsì, tí wọn ò bá sì ní gbà á, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ó rọrùn kéèyàn fẹnu lé ọmọ lẹ́nu géètì, àmọ́ kó mú bírò kó kọ "mi ò gba ọmọ yìí torí pé ara ẹ̀ ò pé" kó sì sáìn síbẹ̀, ṣàṣà ọ̀gá iléèwé ló máa dán an wò, nínú èyí tí mo ti bá àwọn òbí kọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti máa ń yanjú.

Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mú méjì lọ síléèwé, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sáìn kí wọ́n sì lu sítáńbù sórí ìkejì tí ẹ máa mú padà bọ̀ wálé, pẹ̀lú déètì. Tí akọ̀wé bá ní "ẹ gbé e síbí, màdáámù á rí i", ẹ má gbà, ẹ dúró. Tí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, ẹ fi kúríà ránṣẹ́ kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ Bwari Area Council, torí abẹ́ ẹ̀ ni Kubwa wà, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí FCT UBEB.

Ẹ so ìwé dókítà tàbí ti physio mọ́ ọn, àmọ́ ẹ sọ fún wọn irú èyí tí ẹ fẹ́. Ìwé tó kún fún orúkọ àìsàn máa ń dẹ́rù ba tíṣà ni. Èyí tó wúlò ni èyí tó sọ pé: ọmọ yìí lè jókòó fún bí wákàtí kan kó tó nílò ìsinmi, ó nílò àga tó ní apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà yọ̀ ṣubú, kó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí kíláàsì ẹ̀ wà nílẹ̀ kì í ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n fún un láyè sí i tó bá ń kọ ìdánwò, kí ẹnì kan bá a dé ẹnu tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí headmistress bá rí i báyìí, á rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ná òun ní kọ́bọ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kan apá méjì mọ́ àga kan láàárín ọ̀sán kan, tí ẹ bá sì lágbára ẹ̀, ẹ ṣe é kí ẹ gbé e lọ. Òfin ò ní kẹ́ ẹ ṣe é, ìjọba ló yẹ kó ṣe é, àmọ́ ọmọ yẹn ni mo ń rò.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí ìdáhùn, ẹ mú fáìlì yín, sítáńbù àti gbogbo ẹ̀, lọ sí National Commission for Persons with Disabilities, Àbújá níbí ni wọ́n wà, Disability Act yẹn náà ló dá wọn sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti gba irú ẹ̀sùn yìí. Ẹ lè tún lọ sí National Human Rights Commission ní Maitama, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò nílò lọ́yà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ tí ẹ bá fẹnu sọ ọ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí iléèwé. Kọ́ọ̀tù ló gbẹ̀yìn, Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó ẹ̀ ò tó gba lọ́yà. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi kọ́ọ̀tù bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ máa ń pẹ́, ọmọ ò sì ní dúró lójú kan dè é.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú: ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á wọlé kọ́ ni ọ̀rọ̀ tán. Mo ti rí iléèwé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, kí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i, ó ga débi pé èmi tí mo ń fẹsẹ̀ méjèèjì rìn di ògiri mú gùn ún, gbogbo kíláàsì sì wà lẹ́yìn gọ́tà tí kò ní afárá. Ọdún 5 ni òfin fún wọn láti tún àwọn ilé ìjọba ṣe, ó ti pé láti January 2024, kò sí ẹni tó tún lè ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù. Ẹ máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ fún wọn pé ẹ̀ ń bọ̀. Ṣé iwájú ló jókòó sí? Ṣé tíṣà ń pè é kó dáhùn, tó sì ń dúró dè é títí ọ̀rọ̀ á fi jáde lẹ́nu ẹ̀? Ṣé wọ́n kì í fi í sílẹ̀ nínú kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù bá lọ sí pápá? Tó bá di ìdánwò ńlá, WAEC àti JAMB ní ètò fún àwọn akàndá ẹ̀dá, àmọ́ iléèwé gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀, ìyẹn ṣì jìnnà.

Ti yẹ̀yẹ́ tí headmistress sọ, iṣẹ́ tíṣà ni láti dá a dúró. Àwọn ọmọdé máa wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹnì kan nínú wọn á máa bá a gbé báàgì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe àwáwí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, Kaduna, Jos tàbí Minna tí ẹ̀ ń ka èyí, UBE Act kàn yín, àmọ́ ti Disability Act, àwọn gọ́mìnà kan lè jiyàn pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí náà ẹ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ti ṣe tiẹ̀. Plateau ní tiẹ̀, wọ́n sì ní kọmíṣọ̀n tiwọn fún àwọn akàndá ẹ̀dá ní Jos. Lẹ́tà kan náà lẹ máa kọ, orúkọ òfin nìkan ló máa yí padà.

Màmá wa, tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà yẹn tán, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Tí wọ́n bá pè yín padà tí wọ́n gbé ìwé kan síwájú yín pé kẹ́ ẹ sáìn pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kí ọmọ lọ síbòmíì, tàbí pé tí ohunkóhun bá ṣe é níléèwé kò kan àwọn, ẹ má sáìn, ẹ ní lọ́yà yín fẹ́ kọ́kọ́ wò ó.